Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tó wú lóru: ẹ má tíì pè é níṣẹ́ ayé, ẹ wọn ìfúnpá ná

Bí ọkùnrin kan bá sùn láyọ̀ l'Ọ́jà Igbó, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, tó wáá jí lóru pẹ̀lú àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tó wú, tó pọ́n, tó ń ta á bí iná, ohun tí ará ilé máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ó ti tẹ nǹkan!" Tílẹ̀ bá mọ́, àwọn kan á ní kó lọ bá adáhunṣe, àwọn mìíràn á ra oògùn ara ríro fún un lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ọjà. Ó ṣọ̀wọ́n kẹ́nì kan tó rántí wọn ìfúnpá ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lè máà kan ọmọ aráyé rárá. Uric acid ni wọ́n ń pe ohun tó sábà máa ń fa irú ẹ̀. Ìdọ̀tí kan ni tí ara ń ṣe jáde látinú àwọn oúnjẹ kan, pàápàá ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹran. Bíà ń mú un pọ̀, mínírà oníṣúgà náà ò gbẹ́yìn. Kíndìnrín èèyàn ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ dà sínú ìtọ̀. Tí ìwé èsì àyẹ̀wò bá gbé e ju 7 mg/dL lọ fún ọkùnrin, tàbí 6 fún obìnrin, ó ti pọ̀ jù nìyẹn. Ó lè wáá dì sínú oríkèé bí ẹ̀rún ìgò.

Ibi tọ́rọ̀ ti le rèé o. Àwọn dọ́kítà ti rí i pé ẹni tí uric acid ẹ̀ bá pọ̀, tí ìfúnpá ẹ̀ ṣì dáa, lè tètè ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́jọ́ iwájú ju ẹlòmíì lọ. Láti ọdún 1879 ni Dókítà Frederick Mahomed ti ń fura sí i nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 2008, l'Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ 30 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní allopurinol, oògùn tó ń dín uric acid kù, ìfúnpá wọn sì wálẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dán an wò fáwọn àgbà ọ̀dọ́, tí èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2021, kò rí bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn ò tíì parí. Nítorí náà, kẹ́nikẹ́ni má torí ẹ̀jẹ̀ ríru lọ ra allopurinol fúnra ẹ̀.

Ọ̀fìn méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac lè gbé ìfúnpá sókè, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ìkejì, àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ń múni tọ̀ dáadáa máa ń gbé uric acid sókè. Kí ẹni tó ń lò ó má dá a dúró o, kó sọ fún dọ́kítà ẹ̀.

Ọsibítù ò jìnnà. Ti Baptist tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ógbòmọ̀ṣọ́ lọ́dún 1907, tó ti di ti Yunifásítì Bowen, wà níbẹ̀, ti LAUTECH náà wà níbẹ̀. Tí ìfúnpá bá ti ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbàkigbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n, ọ̀rọ̀ ti di ti dọ́kítà. Kí èèyàn máa mu omi, kó dín bíà àti ẹ̀dọ̀ ẹran kù.

Tí adáhunṣe bá sì fẹ́ẹ́ ṣe tiẹ̀, kó dúró, kí wọ́n wọn ìfúnpá tán ná.