Ilé tí A Fi Itọ́ Mọ: Òwe Àgbà fún Ẹni tí Ń Kọ Búlọ́ọ̀gù

Ọ̀kan lára àwọn òwe tí Yorùbá fi ń kìlọ̀ fún ẹni tí ó ń kánjú ni èyí tí ó sọ pé ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó gbé òwe náà ró, itọ́, mímọ àti ìrì, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè dé ìdí rẹ̀ bí kò bá kọ́kọ́ mọ bí àwọn baba ńlá ṣe ń mọ ilé. Ní ìgbà tí kò tíì sí búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì, ilẹ̀ pupa ni wọ́n ń gbẹ́, wọn a da omi sí i, wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó rin dáadáa, lẹ́yìn náà wọn a tún un tẹ̀. Ìpele ìpele ni wọ́n ń mọ ògiri: bí ọ̀kan bá parí, wọn a dúró fún ọjọ́ mélòó kan kí oòrùn gbẹ ẹ́ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, nítorí pé ìpele tútù kò lè ru ìpele tútù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ náà máa ń wáyé, kí wọ́n lè fi koríko bẹẹrẹ tàbí ewé gbòdògì bo orí ilé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó fi itọ́ mọ ilé kò fẹ́ ṣe wàhálà àtilọ sí odò. Itọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, kò ná an ní nǹkan kan, ó sì lè mú kí ilẹ̀ díẹ̀ lẹ̀ mọ́ra fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó láti jẹ́ kí amọ̀ rin dé inú. Síwájú sí i, ẹnu ni itọ́ ti ń wá, èyí ni ó fi jẹ́ pé ilé itọ́ jẹ́ ilé ẹnu lásán, ilé tí ìlérí àti ìyànjẹ gbé dúró. Ibi tí ìjìnlẹ̀ òwe náà wà jù lọ ni pé kò dárúkọ òjò, kò dárúkọ ìjì, ìrì ni ó dárúkọ. Ìrì kì í ṣe àjálù. Ọ̀pọ̀ òru ni ó ń sẹ̀, kì í pariwo, kò sì sí ẹni tí ń kó ẹrù sálọ nítorí rẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà ń sọ ni pé ilé tí kò ní amọ̀ gidi nínú kò nílò ọ̀tá kí ó tó wó, ohun kékeré tí ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ti tó o.

Kò sí iṣẹ́ òde òní tí òwe yìí bá mu tó iṣẹ́ ẹni tí ó fẹ́ fi búlọ́ọ̀gù kíkọ kó òǹkàwé jọ, kí ó sì sọ orúkọ ara rẹ̀ di ohun tí ayé mọ̀. Búlọ́ọ̀gù ni ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan tàbí àwọn ènìyàn díẹ̀ ń kọ ọ̀rọ̀ sí láti ìgbà dé ìgbà, tí èyí tí wọ́n kọ kẹ́yìn sì máa ń wà lókè pátápátá. Ní 1997 ni Jorn Barger ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í pe irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní weblog, Peter Merholz sì gé ọ̀rọ̀ náà kúrú sí blog ní 1999. Ọdún 1999 yìí kan náà ni Blogger jáde, èyí tí ó jẹ́ kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè ní búlọ́ọ̀gù lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ó fi máa di 2003, Google ti ra Blogger, WordPress tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà sì ti dé. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ti ṣí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ohun tí ó fẹ́ sọ. Ẹni tí òǹkàwé bá pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ lè rí owó lórí ìpolówó, ó lè ta ìwé tàbí ọjà, wọ́n sì lè torí ohun tí ó kọ pè é síṣẹ́. Èyí ni òwò ayé òde òní ń pè ní àmì orúkọ ẹni: pé bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ orúkọ kan, kí wọ́n ti mọ iṣẹ́ tí olórúkọ náà ń ṣe àti bí wọ́n ṣe lè gbẹ́kẹ̀ lé e tó.

Níbi tí owó àti òkìkí bá wà, ibẹ̀ náà ni ìkánjú ń gbé, oríṣi itọ́ méjì ni ó sì wọ́pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ àwọn tí ń kánjú kọ́ irú ilé yìí. Èkíní ni ríra ọmọlẹ́yìn. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n dá orúkọ àwọn ènìyàn tí kò sí láyé sílẹ̀ lórí ìkànnì, kí wọ́n sì tà wọ́n ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí ojú ìwé rẹ̀ dà bí ọjà tí ó kún. Ẹni tí ó rà wọ́n yóò rí iye ńlá lára orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀, kò ní sí ẹni tí yóò dá a lóhùn, bí ó bá sì gbé ìwé jáde, kò ní sí ẹni tí yóò rà á. Ní oṣù keje ọdún 2018, Twitter yọ àwọn orúkọ tí wọ́n ti tì pa nítorí ìfura kúrò nínú iye ọmọlẹ́yìn tí ń hàn lára orúkọ oníkálukú, iye ọmọlẹ́yìn ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dín kù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbógun ti wọn, ilé iṣẹ́ náà kàn ń gbá ilé rẹ̀ ni, àmọ́ ìrì ti sẹ̀ sórí ilé itọ́.

Itọ́ kejì ni gbígbé iṣẹ́ oníṣẹ́. Ẹlòmíràn yóò jókòó dáadáa, yóò wádìí, yóò kọ. Òmíràn yóò dà á kọ, yóò yí ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta padà, yóò sì pe ara rẹ̀ ní òǹkọ̀wé. Fún ọdún díẹ̀ ni èyí mú owó wá fún àwọn tí ń ṣe é, nítorí pé ẹ̀rọ ìṣàwárí nígbà náà kò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ ojúlówó iṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹ̀dà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2011 ni Google gbé àtúnṣe kan jáde tí wọ́n ń pè ní Panda, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti rẹ àwọn ojú ìwé tí ó kún fún ẹ̀dà àti ọ̀rọ̀ òfìfo sílẹ̀ nínú àbájáde ìṣàwárí. Àwọn ilé tí ó ti kún fún àlejò ní àná dá páropáro. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá.

Yàtọ̀ sí amọ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà wà níbẹ̀, nítorí pé ilé tí ó lágbára lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ìyẹn ìkànnì tí ó jẹ́ ti ẹlòmíràn, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ilé itọ́ lọ ní ọjọ́ tí onílẹ̀ bá dé. Ní 2009 ni Yahoo ti GeoCities pa ní Amẹ́ríkà, ìkànnì tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti kọ́ ojú ìwé wọn àkọ́kọ́ láyé lórí rẹ̀. Vine, tí àwọn ọ̀dọ́ fi di ìlú mọ̀-ọ́n-ká pẹ̀lú fídíò ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà, bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ó sì ti kógbá sílé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017. Ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ fòfin de Twitter láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ẹni tí gbogbo òǹkàwé rẹ̀ kò sì sí níbòmíràn ní láti máa wá ọgbọ́n dá fún oṣù méje. Ọ̀rọ̀ Linda Ikeji jẹ́ ẹ̀kọ́ pàtàkì nípa èyí. Láti 2006 ni ó ti ń kọ búlọ́ọ̀gù rẹ̀ ní Èkó, orí Blogger tí ó jẹ́ ti Google ni ó sì kọ́ ọ sí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, búlọ́ọ̀gù náà kò ṣí fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n tó dá a padà. Ilẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀, òun sì kọ́ ni ó ní kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ ni ó ti fi ń kọ̀wé, àwọn òǹkàwé sì ti mọ orúkọ rẹ̀ dé ibi pé wọ́n ń béèrè rẹ̀ káàkiri. Onílẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn. Kò lè mú kí àwọn ènìyàn gbàgbé ẹni tí ń gbé inú ilé.

Kí wá ni amọ̀ gidi? Òun ni ìmọ̀ tí ẹni tí ń kọ̀wé ní lọ́wọ́ ní tòótọ́, tí ó sì ń fún òǹkàwé láìfi nǹkan pamọ́. Àpẹẹrẹ kan ni ti aláró ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta tí ó bá pinnu láti máa kọ̀wé nípa iṣẹ́ àdìrẹ. Bí ó bá ń gbé àwòrán aṣọ ẹlòmíràn síta pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwúrí lásán, kò yàtọ̀ sí ẹgbàágbèje tí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó ti ìkòkò aró rẹ̀, tí ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gún ewé èlú, bí wọ́n ṣe ń ṣù ú kí ó gbẹ, bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi eérú tí wọn yóò fi rẹ ẹ́, tí ó sì ya àwòrán aṣọ náà ní ìgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì dà bí ti ewé tútù, kí afẹ́fẹ́ tó fẹ́ sí i tí ó fi ń dúdú díẹ̀díẹ̀ lójú ẹni, òǹkàwé yóò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni òun wà. Yóò padà wá. Yóò sì mú ẹlòmíràn wá. Aláró náà mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni aṣọ ń wọ inú aró kí ó tó dú; wọn a rì í, wọn a sá a sí afẹ́fẹ́, wọn a tún un rì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òǹkàwé: àkọsílẹ̀ kan kò lè sọ àlejò di ará ilé, àìmọye ìrìsínú aró ni ó ń fún orúkọ ní àwọ̀ tí kì í ṣí.

Ìpele ìpele yìí kì í ṣe ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì dá sílẹ̀ láàárín Yorùbá. Ní 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta, tí ó sọ kíka ìròyìn lórí ìwé di àṣà. Ní 1929 ni Isaac Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà obìnrin àròsọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ tí ń jẹ́ Akéde Èkó. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń tẹ̀ wọ́n, tí àwọn ará Èkó ń dúró de èyí tí ó kàn, tí wọ́n ń kọ lẹ́tà padà, nígbà tí ó sì di 1930, lẹ́tà wọ̀nyí ti di ìwé odidi. Lóde òní, Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀gù KTravula ní 2009, ní àkókò tí ó lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Yorùbá ní yunifásítì kan ní Edwardsville, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, ó sì ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nígbà tí ó pe àwọn ènìyàn ní 2015 láti ràn án lọ́wọ́ dá ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá sílẹ̀ lórí YorubaName.com, kì í ṣe bí àjèjì ni ó ń pè wọ́n. Àwọn kan nínú wọn ti ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ tipẹ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sá fún àwọn ìkànnì ńlá, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Ọjà ni wọ́n. Ènìyàn a máa lọ sí ọjà láti pàdé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tí ń sùn síbẹ̀. Àdírẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún, tí ó ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún, ni ilẹ̀ tirẹ̀, nítorí pé ó lè kó o kúrò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn láìsí pé òǹkàwé ṣìnà. Àkójọ ímeèlì àwọn òǹkàwé tí wọ́n fúnra wọn gbà pé kí ó máa kọ̀wé sí àwọn náà jẹ́ ohun ìní gidi, torí pé bí ìkànnì kan bá pa ilẹ̀kùn dé, lẹ́tà yóò ṣì dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí wọ́n sì ti máa ń rẹ́ ògiri amọ̀ lẹ́yìn òjò, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa padà sí àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́, kí ó tún àṣìṣe ibẹ̀ ṣe ní gbangba.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn mọ ẹni tí ó di olókìkí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òótọ́ ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ariwo sì lè kó èrò jọ ní wàrà. Àmọ́ èrò tí ariwo kó jọ, ariwo mìíràn ni yóò kó wọn lọ, bí olórúkọ náà kò bá yára fi ohun tí ó ní láárí sọ wọ́n di òǹkàwé. Òkìkí òjijì lè jẹ́ omi tí òjò fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò bá ní ilẹ̀ tí yóò pò mọ́ ọn, ṣíṣàn ni yóò ṣàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Nítorí náà, kò sí ẹni tí òwe yìí ṣèlérí fún pé ìrì kò ní sẹ̀. Ìrì kì í yan ilé. Àwọn ilé iṣẹ́ yóò máa yí òfin wọn padà, ìkànnì tuntun yóò dé, ti àtijọ́ yóò kú, òǹkàwé yóò sì pọ̀ ní oṣù kan, yóò sì dín kù ní òmíràn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ògiri amọ̀ náà yóò tutù bí ti aládùúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti yọ, yóò gbẹ, àwọn ará ilé yóò sì ṣí ilẹ̀kùn, wọn yóò máa bá iṣẹ́ wọn lọ.