Kóòṣì Ńkọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kà mí mọ̀ pé ìjà èmi àti kọ́bọ́ọ̀dù ife àwọn ilé-ìwé kò tíì parí. Ife kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹnìkan ló ń sanwó rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹni tó sanwó ọ̀hún ń gbé àdúgbò wa níhìn-ín l'Òsì.

Ọdún mẹ́ta ni ọmọ yìí fi gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé gíga kan. Bí ìdíje bá ti súnmọ́, wọ́n á kó wọn lọ sí kámpù, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tẹ́ẹ̀sì á kọjá, prátíkà á kọjá. Kóòṣì á ní kó fọkàn balẹ̀, àwọn á bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó bá olùkọ́ kankan sọ̀rọ̀. Káríófà mẹ́fà, ìyẹn kọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ tún ṣe, ló kó jọ, ó wọ proba, ìyẹn ìkìlọ̀ nítorí máàkì tí kò tó, lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé pé kó máa lọ sílé. Látìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n pè é: wọ́n ní kó wá dá jẹ́sì padà.

Ìyá rẹ̀, tó ń ta ẹ̀lùbọ́, wá bá mi lálẹ́. "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ọmọ mi nìkan ló fìdí rẹmi?"

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo fẹ́ pín èsì rẹ̀ sí: ìyà, ẹni tó yẹ kó jẹ ẹ́, àti àtúnṣe.

Ìyà. NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ti ń lo òṣùwọ̀n kan láti ọdún 2003, APR ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tó ń gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí eré lè mú máàkì méjì wá fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan bó bá ṣì wà nílé-ìwé, ọ̀kan bí ìwé rẹ̀ bá ṣì dára tó láti gbà á láyè kó ṣeré. Orí ẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ sí. Ẹgbẹ́ tí ti ọdún mẹ́rin rẹ̀ kò bá tó 930 kò ní bá wọn dé ìdíje ìparí sáà. Gbogbo ẹgbẹ́ o! Yunifásítì Connecticut gba ife bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn ọkùnrin lọ́dún 2011. Lọ́dún 2013, ilé ni wọ́n jókòó sí nítorí ìwé. Nígbà tí wọ́n padà dé lọ́dún 2014, wọ́n tún gbà á.

Ẹni tó yẹ kó jẹ ẹ́. Àwọn ilé-ìwé wa ló ní akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá wọ ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kíláàsì kò gbọdọ̀ ṣèdánwò. Àwọn náà ló ń gbé ọmọ sínú bọ́ọ̀sì lọ sí NUGA àti NIPOGA, ìdíje eré àwọn yunifásítì àti ti àwọn pólì. Ọwọ́ tó kọ òfin ló fa ọmọ jáde ní kíláàsì, ọmọ ló sì ń jẹ̀bi!

Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Àwọn ọmọ Connecticut tó jókòó sílé lọ́dún 2013, ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ ló ba máàkì ẹgbẹ́ jẹ́. Òótọ́ ni, ó sì dùn mí. Mo sì mọ̀ pé ní Yunifásítì North Carolina, láti 1993 títí di 2011, àwọn kọ́ọ̀sì kan wà tí olùkọ́ kì í kọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀; àwọn ọmọ tó lé ní 3,000 ló gba máàkì ọ̀fẹ́, nǹkan bí ìdajì wọn jẹ́ eléré ìdárayá. Èèyàn á wá ọgbọ́n yí òṣùwọ̀n po. Ṣùgbọ́n níbi tí ilé-ìwé ti mọ̀ pé ìwé ọmọ lè gba ife lọ́wọ́ òun, ẹnìkan á máa béèrè bóyá ọmọ náà ka ìwé lónìí.

Òsì wa, ìlú agbẹ́gilére, ti mọ ẹni tó yẹ ká bi léèrè tipẹ́. Níhìn-ín ni Bándélé ọmọ Àréògún ti wá, òun ló kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére, níṣẹ́. Bàbá mi máa ń sọ fún wa pé bí ọmọ-iṣẹ́ bá ba òpó ilẹ̀kùn jẹ́, àwọn àgbà kì í bi ọmọ léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n á ní, "Ta ni ọ̀gá rẹ̀?" Ilé ọ̀gá ni wọ́n á sì gbà lọ, tàwọn tigi tó bàjẹ́.

Àtúnṣe kò lè gùn mọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé gíga gbogbo, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí sáà tuntun tó wọlé: ẹgbẹ́ tí ìdajì ọmọ rẹ̀ bá wọ proba, kò ní lọ sí ìdíje tó ń bọ̀, kóòṣì rẹ̀ náà ò sì ní lọ. Ẹ fún ọmọ tẹ́ ẹ kó lọ sí kámpù ní tẹ́ẹ̀sì tó pàdánù.

Mo ti kọ lẹ́tà sí ilé-ìwé ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ka sí i. Ọjọ́ Ajé la ó gbé e lọ.