Òdòdó kì í yó ni

Ó ń ṣe wá ní kàyéfì bí òdòdó rósì inú ìkòkò ṣe ń kún iwájú ilé àwọn ará ìlú ńlá, tí wọ́n sì ń ra gbogbo oúnjẹ lọ́jà. Òdòdó dára, ṣùgbọ́n kì í yó ni.

Ẹ̀yin àgbà rántí pé ní 1976, ìjọba Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ ní kí tolórí tẹlẹ́mù máa dáko sí ẹ̀yìnkùlé. Ní oṣù keje ọdún 2023, Ààrẹ Tinúbú náà kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di pàjáwìrì. Ìkéde nìkan kì í bọ́ ọmọ.

Ọ̀dùnkún ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ti òyìnbó, tó fẹ́ òtútù bíi ti Jọ́ọ̀sì, tiwa ni. Àpò ìrẹsì tó ṣófo tó o: ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, ẹ da iyẹ̀pẹ̀ ọlọ́ràá sí i, kí ẹ ri ìtàkùn tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan mọ́ ọn. Láàrin oṣù mẹ́ta sí márùn-ún, ó di wíwà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lóko lẹ ní ìtàkùn. Bí àwọn ọmọ bá wá kí yín, ẹ di díẹ̀ fún wọn lọ sílé.