Kí Wọ́n Tó Wó Ọjà, Ẹ Jẹ́ Ká Rí Ìwé

 

Gbogbo wa la ti gbọ́ ohun tí àwọn káńsù wá sọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wó ìlà àwọn aláṣọ, ìlà àwọn aláta àti ìlà àwọn elélùbọ́, kí àwọn fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù alájà méjì síbẹ̀. Wọ́n ní kí ọkàn wa balẹ̀, pé àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni àwọn máa kọ́kọ́ fún. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀: ta ló kọ orúkọ wa sílẹ̀? Èló ni ṣọ́ọ̀bù kan máa jẹ́? Ta ni kọngílá náà, kí ni òun àti káńsù sì jọ fọwọ́ sí? Kò sẹ́ni tó lè dáhùn nínú wa, nítorí ẹnu ni wọ́n fi bá wa sọ ọ́, wọn ò mú ìwé kankan dání.

Ohun tí àwa ìgbìmọ̀ ń sọ ni pé kí ẹgbẹ́ wa kọ lẹ́tà sí káńsù, ká béèrè àwọn ìwé tó wà lórí ọ̀rọ̀ ọjà yìí, ká sì rí wọn kí katakata tó dé. A mọ̀ pé àwọn kan ò fẹ́ ẹ. A ti gbọ́ ọ ní ìlà ẹlẹ́ja pé ìjà ni lẹ́tà máa ń dá sílẹ̀, pé ká kúkú dá owó jọ, ká ra àgbò, ká lọ kí Alága nílé. A ò bínú sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, àgbà ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tiwa náà.

Ta ni kì í dá àjọ nínú wa? Alájọ tó mọ̀ wá láti kékeré, tó ń jẹun nílé wa, tó wá bá wa sọmọ lórúkọ, ó ṣì fún wa ní káàdì. Bó bá gba owó láàárọ̀, ó gbọ́dọ̀ fàlà sí i lójú wa. Ẹni tó béèrè káàdì lọ́wọ́ alájọ kò pè é lólè. Àìsí káàdì gan-an ló ń tú ọ̀rẹ́ ká. Káàdì là ń béèrè lọ́wọ́ káńsù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òfin sì wà fún un. Freedom of Information Act ni orúkọ rẹ̀, àwọn lọ́yà ń pè é ní FOI. Lẹ́nu tiwa, òfin tó ní kí aráàlú lè rí ìwé ìjọba ni. Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2011. Wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀ o. Láti 1999 ló ti dé iwájú àwọn aṣòfin ní Àbújá, wọ́n sì gbé e fún Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní 2007, kò fọwọ́ sí i.

Òfin náà ní ẹnikẹ́ni lè béèrè ìwé tó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, kò sì pọn dandan kó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹ tún ibẹ̀ kà. Bí òṣìṣẹ́ káńsù bá bi yín pé "kí ló kàn yín níbẹ̀?", ẹ lè dá a lóhùn nítorí ìwà ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n òfin ò ní kẹ́ ẹ dáhùn. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fún yín lésì. Bí ìwé náà bá pọ̀ jọjọ, tàbí tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ibòmíràn sọ̀rọ̀, wọ́n lè fi ọjọ́ méje kún un, ó tán. Owó tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ yín kò ju owó ṣíṣe ẹ̀dà ìwé náà lọ. Owó "ẹ wá nǹkan fún àwọn ọmọ" kò sí nínú òfin.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ kò lọ ilé ìwé, òfin yìí rántí yín. Ẹni tí kò lè kọ lè rán ẹlòmíràn kó bá a béèrè. Bí ẹ bá sì dúró níwájú òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ fi ẹnu sọ ohun tí ẹ fẹ́, òun ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fún yín ní ẹ̀dà kan mú lọ. A mọ̀ pé ẹ̀rín máa pa àwọn kan tí wọ́n bá ka ibí yìí fún wọn, nítorí a mọ ojú tí wọ́n fi ń wò wá ní káńsù tí a bá gbé igbá dé ibẹ̀. Àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló wà nínú òfin, ní ìpín kẹta.

Èyí tó dùn mọ́ wa jù ni ti ẹni tó bá fẹ́ sọ pé rárá. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ rárá ní ọ́fíìsì? Wọn kì í sọ ọ́. Wọ́n á ní ọ̀gá ò sí nílé, fáìlì ti lọ sókè, ẹ padà wá ní Túsìdeè, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sìnkú. Bí a bá lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí a ná owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí a ti ìsọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti sú wa nìyẹn. Lábẹ́ òfin yìí, ẹni tó bá kọ̀ gbọ́dọ̀ fi ìwé kọ̀. Kó sọ ìdí rẹ̀, kó tọ́ka sí ibi tó gbé e jáde nínú òfin, kó kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ipò rẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú. Orúkọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ o! Lójú tiwa, ọ̀pọ̀ "rárá" ló máa di "ẹ jẹ́ n wò ó ná" tí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ bá rántí pé orúkọ òun ló máa wà nísàlẹ̀. Tí ọjọ́ bá sì pé tí wọ́n panu mọ́, òfin ka dídákẹ́ náà sí kíkọ̀.

Láti ibẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ ló wà láti gba kóòtù lọ. Níbẹ̀, ìjọba ló gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé òun rí ìdí kọ̀ ọ́, kì í ṣe àwa. Bí adájọ́ bá rí i pé wọn ò rí ìdí, owó ìtanràn ₦500,000 ń bẹ fún òṣìṣẹ́ náà tàbí ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ ya ìwé tàbí tó yí i padà kó má bàa dé ọwọ́ ẹni tó béèrè rẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún kan ni.

Àwọn kan á ní òfin Àbújá lèyí, kò kan káńsù. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ yẹn fa wàhálà fún ọdún pípẹ́. Ní 2018, Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ní Àkúrẹ́ ní òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀. Èyí tó wà ní Benin ti ní kò dè é. Ẹjọ́ ti Benin yìí, àwọn ẹgbẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ló béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àrùn éèdì, wọn ò fún wọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló parí rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2025: òfin náà de ìjọba àpapọ̀, ó de ìjọba ìpínlẹ̀, ó de ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan kan níbẹ̀. Láti 2014 ni ẹjọ́ náà ti wà níwájú Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ yẹn. Ọdún mọ́kànlá! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí pámárì. Ìdí nìyí tí a ò fi fẹ́ kó dé kóòtù, tí a sì fi ní ká tètè béèrè báyìí tí ìlà wa ṣì dúró.

Pé ọjà jẹ́ iṣẹ́ káńsù, òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ló sọ ọ́: ọjà, gáréèjì ọkọ̀, ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, àti ilé ìyàgbẹ́ ìta gbangba. Ilé ìyàgbẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń san owó kí ẹ tó lọ tọ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún sọ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé owó káńsù gbọ́dọ̀ máa bọ́ sọ́wọ́ káńsù fúnra rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ká lọ béèrè lọ́wọ́ Gómìnà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábàá, l'Ékòó, wò. Ó jóná ní oṣù Kejìlá ọdún 2007. Ìjọba àti oníléeṣẹ́ aládàáni jọ ṣe àdéhùn, wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì ṣí i ní 2014. Ilé náà rẹwà, a ò ní sọ pé kò rẹwà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó ti ń tajà níbẹ̀ kó tó jóná ló figbe ta pé owó ṣọ́ọ̀bù ti kọjá ohun tí apá àwọn ká. A ò pe ẹnikẹ́ni lólè níbẹ̀. Ẹni tó bá kówó kọ́lé fẹ́ rí owó rẹ̀ padà, iye ọdún tó máa fi gbà á padà sì máa ń wà nínú àdéhùn. Tí símẹ́ńtì bá ti gbẹ, àdéhùn yẹn ló ń sọ ẹni tó máa jókòó sí ìsọ̀.

Òfin FOI yìí kan náà ní ilé iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ máa gbé ìwé àdéhùn tó bá ṣe pẹ̀lú àwọn aládàáni síta, láìjẹ́ pé ẹnì kan béèrè. Ti ọjà wa ò tíì síta, la ṣe máa béèrè rẹ̀. A máa béèrè àwòrán ilé náà, ká rí ibi tí omi àti ilé ìyàgbẹ́ wà, ká rí ibi tí lọ́rì á ti máa já ẹrù, nítorí pé elélùbọ́ kò lè máa gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú àpò lórí. A máa béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kó wa sí tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́, àti iye owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà nínú ọjà yìí láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Orúkọ ló ká wa lára jù. Ìwé orúkọ tí káńsù ní lọ́wọ́, ìgbà wo ni wọ́n kọ ọ́? Ìsọ̀ tí ìyá fi sílẹ̀ fún ọmọ, orúkọ ìyá tó ti kú ló ṣeé ṣe kó ṣì wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn ti ń tajà lórí ìsọ̀ kan fún ogún ọdún, onísọ̀ ń gbé ìlú mìíràn, rìsíìtì tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà. Tí wọ́n bá ní "àwọn tó ti wà níbẹ̀", ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Òfin náà dáàbò bo ọ̀rọ̀ àdáni ẹlòmíràn, wọ́n sì lè gba ibẹ̀ yọ pé àwọn ò lè fi orúkọ gbogbo èèyàn hàn wá. Kò burú. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan béèrè nípa ìsọ̀ tirẹ̀, kí ẹgbẹ́ béèrè iye ìsọ̀ tó wà nínú ìwé wọn àti iye ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fẹ́ kọ́. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, a mọ̀ pé ẹnì kan máa dúró síta.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ní obìnrin kì í bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ ìwé: àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, rọ́ lọ sí ààfin ní 1947 lórí owó orí, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi oyè sílẹ̀ fún ìgbà kan ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1949. Ìwọ́de yẹn ni gbogbo ayé ń rántí. Àmọ́ lẹ́tà pọ̀ níbẹ̀ jọjọ, wọ́n sì ti dá kíláàsì sílẹ̀ kí àwọn oníṣòwò lè kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà.

Ìwé owó ẹgbẹ́ tiwa wà lórí tábìlì ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé, ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó wá.

A ti kọ lẹ́tà náà tán. A máa kà á sókè ní ìpàdé Ọjọ́bọ̀ yìí, ní Yorùbá, kí gbogbo wa lè gbọ́ ọ kí Ìyálọ́jà tó fọwọ́ sí i. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan rán èèyàn méjì wá, kí àwọn tó wà ní ìlà mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ wó sì mú rìsíìtì tíkẹ́ẹ̀tì wọn dání, ti ọdún yòówù tí wọ́n bá rí. Mọ́ńdè là ń gbé e lọ. Ẹ̀dà méjì la máa mú dání, a ò sì ní kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa, nítorí láti ọjọ́ òǹtẹ̀ yẹn la ó ti máa ka ọjọ́ méje. A máa kọ ọjọ́ tó máa pé sára pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Ìyálọ́jà. Èsì tí wọ́n bá fún wa, ì báà dùn, ì báà korò, inú ìwé yìí la máa tẹ̀ ẹ́ sí lóṣù tó ń bọ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó buwọ́ lù ú.