Ẹ Má Ra Káàdì, Ẹ Gba Abẹ́rẹ́: Ọ̀rọ̀ Sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Múra Àbíjàn

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi ní Ẹdẹ Màpó Arógun, èmi nọ́ọ̀sì yín ni. Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí ẹ sì kà á sókè fún àwọn àgbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́.

Àwọn ẹgbẹ́ kan láàárín wa ti ń kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìrìn àjò Àbíjàn ní ìparí ọdún. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ níbẹ̀. Inú mi dùn sí i. Àbíjàn kì í ṣe ìlú àjèjì fún àwa ará Ọ̀ṣun. Ní Èjìgbò tí kò jìnnà sí wa, ẹ ó gbọ́ Faransé lójú pópó, nítorí pé ìran dé ìran ni wọ́n ti ń lọ Côte d'Ivoire tí wọ́n sì ń bọ̀. Àwa náà ní ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, a ní ìyàwó ọmọ, a ní ọmọ-ọmọ.

Ohun tó ń dùn mí ni èyí. Ìpàdé mẹ́ta ni a ti ṣe lórí ìrìn àjò yìí, mo sì jókòó sí gbogbo wọn. Ìpàdé kìíní, a sọ̀rọ̀ lórí àwọ̀ gèlè. Ìpàdé kejì, a sọ̀rọ̀ lórí owó aṣọ ẹbí. Ìpàdé kẹta, a sọ̀rọ̀ lórí iye èèyàn tí yóò há sórí ìjókòó kan kí owó ọkọ̀ lè dínkù. Kò sí ẹnì kan tó béèrè pé, ta ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru nínú wa? Ta ló ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà? Ta ni kò tíì gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú? Nígbà tí mo nawọ́ tí mo béèrè, ẹnì kan ní, "Nọ́ọ̀sì, má dẹ́rù bà wá. Ọlọ́run tó mú àwọn ìyá wa lọ á mú àwa náà lọ." Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín. Mo wá délé, oorun ò kùn mí. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà náà ná. Láti Èkó dé Àbíjàn, ó lé ní 1,000 kìlómítà, a ò sì tíì ka ti Ẹdẹ sí Èkó mọ́ ọn. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ni ọ̀nà náà gbà, ibodè mẹ́rin ni ẹ ó sì là kọjá: Sẹmẹ, kí ẹ tó wọ Benin, Hillacondji, kí ẹ tó wọ Tógò, Aflao, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lomé, kí ẹ tó wọ Gánà, àti Elubo, kí ẹ tó wọ Côte d'Ivoire. Ní ibodè kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó tò, ẹ ó dúró nínú oòrùn. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ tàbí tí ibodè bá wà ní títì, ẹ ó sùn sójú ọ̀nà. Ara ẹni ọgbọ̀n ọdún lè gbé e. Ara ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìmúra ni yóò fi gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, kí n sì jẹ́wọ́ pẹ̀lú. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti ẹgbẹ́ kan rin ọ̀nà yìí. Nígbà tó ku ọ̀la kí a gbéra, ìyá kan nínú ẹgbẹ́, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, yà sílé mi. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, orí ń fọ́ mi láti àná. Ṣé ó yẹ kí n lọ?" Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú yàrá mi. Mo ń di ẹrù tèmi lọ́wọ́. Mo ní, "Màmá, wàhálà ìmúra ni. Ẹ lo párásítámọ́, kí ẹ sùn. Ọlọ́run á ṣọ́ wa." Mi ò wọ̀n ọ́n. Èmi tí mo lọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, tí mo sì búra.

Màmá kó oògùn rẹ̀ sínú báàgì ńlá. Wọ́n ju báàgì náà sí búùtù, wọ́n sì to ẹrù gbogbo ọkọ̀ lé e lórí. Láti Sẹmẹ ló ti ń bẹ awakọ̀ pé kó bá òun gbé e. Awakọ̀ ní ó di Ákrà. Nígbà tí a dé Ákrà, ó ní ilẹ̀ ti ṣú, òun ò lè tú ẹrù. Màmá kò mu omi pẹ̀lú, nítorí pé awakọ̀ kì í dúró kí àwọn obìnrin rí ibi tọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mu omi. Ní ọjọ́ kejì, ní Elubo, bó ṣe fẹ́ na ìwé rẹ̀ sí aṣọ́bodè, ìwé náà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ kó mú un, ọwọ́ kò gbé e. Ó fẹ́ pè mí, ẹnu rẹ̀ ti wọ́.

A sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n títí di òní, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè wé gèlè. Ọmọ rẹ̀ ló ń wé e fún un. Ó ṣì ń pè mí ní "Nọ́ọ̀sì mi". Kò bi mí rí pé kí ló dé tí mi ò wọn ẹ̀jẹ̀ òun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èmi ni mò ń bi ara mi.

Nítorí náà, ẹ má bínú sí mi bí mo bá ní "Ọlọ́run á ṣọ́ wa" kò tó. Àdúrà ni, kì í ṣe àyẹ̀wò. Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé kéwú mọ ìtàn ẹni tó fẹ́ fi ràkúnmí rẹ̀ sílẹ̀ láìso, tó ní òun gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Wọ́n ní kó so ó ná. Ẹ so ràkúnmí yín.

Ó kan ọ̀rọ̀ káàdì. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ta yẹ́lò káàdì láìfúnni lábẹ́rẹ́. Ẹ ó sanwó, wọ́n á kọ orúkọ yín, wọ́n á lu òǹtẹ̀, ó parí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ rà? Ẹ̀fọn kì í ka káàdì. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú kiri, ojúmọmọ ló máa ń jẹni, ìyẹn àkókò tí ẹ ó wà lórí ìlà ní ibodè gan-an. Àrùn yìí kò ní oògùn tó ń pa á. Bó bá le, ó ń mú ẹ̀dọ̀ àti kídìnrín, ojú á pọ́n bí òféfèé, èèyàn á máa bì ẹ̀jẹ̀. Ẹ má sì rò pé àrùn ayé àtijọ́ ni. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, lẹ́yìn bí ogún ọdún tí a kò gbúròó rẹ̀ ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Kwara tó bá wa pààlà ló ti tún yọjú, lára ọmọdébìnrin kan.

Àwọn kan ní abẹ́rẹ́ òyìnbó ni, àwọn ò fẹ́. Ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ní 1927, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ṣàìsàn ibà pọ́njú ní Gánà, tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Ara rẹ̀ le, ó yè é. Kòkòrò tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ tọ́ títí ó fi rọ̀, tí kò lè pani mọ́, òun náà ni wọ́n sì fi ṣe abẹ́rẹ́ tí gbogbo ayé ń gbà dòní. Max Theiler tó ṣe iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn dúdú, ará ojú ọ̀nà Àbíjàn yìí kan náà, ni orísun abẹ́rẹ́ tí ẹ ń sá fún.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni èèyàn ń gbà á láyé rẹ̀. Láti 2016 ni òfin àgbáyé ti sọ pé kì í ṣe ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá mọ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kí ẹ tó rin ìrìn àjò. Ẹni tó bá gbà á lónìí tó sì gbéra lọ́la, kò tíì bọ́ sí i. Láti 2019 sì ni Nàìjíríà ti gbé káàdì tuntun jáde, èyí tí ẹ̀rọ lè yẹ̀ wò, nítorí náà ti ayédèrú á máa hàn.

Mo gbọ́ àwíjàre yín. Ẹ ní, "Àwọn ìyá wa lọ láìní káàdì." Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó padà dé là ń kà. Àwọn tí wọ́n sin sójú ọ̀nà kò lè wá sípàdé wa wá sọ tiwọn. Ẹ ní, "Bí mo gba abẹ́rẹ́, bí mi ò gbà á, wọ́n á ṣì gbowó lọ́wọ́ mi ní ibodè." Òótọ́ ni pé wọ́n ń gbà á, ìwà ìbàjẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n torí aṣọ́bodè kọ́ ni a fi ń gba abẹ́rẹ́, torí ara ẹni ni. Ẹ ní, "Àyè kò sí." Ní 1969, nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún wọn láti palẹ̀ mọ́. Wọn kò rí àyè múra, ojú wọn sì rí màbo. Ẹ̀yin ní oṣù gbọọrọ níwájú yín, ẹ ń fi í yan àwọ̀ gèlè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí:

1. Ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún, kó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ní ó kéré tán oṣù kan ṣáájú. Bí ó bá wọ 160 lókè tàbí 100 nísàlẹ̀, ẹ rí dókítà kí ẹ tó sanwó ọkọ̀. Bí ó bá wọ 180 tàbí 120, ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe gáréèjì.

2. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí kò gbà á rí, aláboyún, ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba ẹyin, àti ẹni tí àìsàn tàbí oògùn ti sọ agbára ara rẹ̀ di aláìlera, kí wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀ kọ́kọ́. Bí dókítà bá ní kí ẹ má gbà á, kó kọ ìwé rẹ̀ fún yín. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án, a kì í fún un.

3. Oògùn yín kò gbọdọ̀ wọ búùtù. Inú àpò tó wà lọ́rùn yín ni kó wà, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ẹ kó ti ọjọ́ ìrìn àjò, kí ẹ fi ti ọ̀sẹ̀ kan lé e. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé oògùn tí ẹ ò mọ̀.

4. Ẹ mu omi. Kí ẹgbẹ́ bá awakọ̀ ṣàdéhùn kí ẹ tó san kọ́bọ̀ pé yóò máa dúró ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, níbi tí obìnrin lè tọ̀. Awakọ̀ tí kò bá gbà, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ̀yin lẹ ni owó.

5. Ìjókòó tó bá ti tó wákàtí mẹ́rin lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì ní ojúgun, ẹ̀jẹ̀ dídì náà sì lè gun ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ máa yí ọrùn ẹsẹ̀ yín nínú ọkọ̀, kí ẹ máa rìn nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má há èèyàn mẹ́rin sórí ìjókòó mẹ́ta.

6. Bí ẹnu ẹnì kan bá wọ́, tí apá rẹ̀ rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ẹ má fún un ní omi, ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má dúró gbàdúrà kí ẹ tó gbé e. Ilé ìwòsàn tó tóbi jù nítòsí ni, lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa gbàdúrà nínú ọkọ̀ bí ẹ bá ṣe ń gbé e lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ránṣẹ́ pe ìyá yín wá sí Àbíjàn láti wá gbé ọmọ jó, ẹ fi owó àyẹ̀wò kún owó ọkọ̀. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ fi ìwé ìlera sí ìdí orúkọ bí ẹ ṣe ń fi owó aṣọ sí i. Ẹ̀yin àgbà, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gbọ́. Bí ẹ bá ní ẹ̀yin náà ò ní lọ láìṣe àyẹ̀wò, ọ̀rọ̀ parí.

Òkèèrè lolójú jíjìn ti í mẹ́kún sun. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, mo máa gbé ẹ̀rọ mi wá. N ò ní gba kọ́bọ̀. N ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, n ó wọn ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá na apá, kí a tó mú ọ̀rọ̀ gèlè. Bí ẹ bá rí mi níbẹ̀, ẹ má sọ pé nọ́ọ̀sì ń dẹ́rù bani. Gbèsè kan ni mò ń san.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, sí mọ́ṣáláṣí yín, sí ṣọ́ọ̀ṣì yín. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire, a ó sì bá ara wa nílé. Àmín.