“Waterproof” nìkan kò tó létí òkun

Bí òrùka ìgbéyàwó bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn ní etíkun Elegushi, kí ìgbì méjì tó dé, iyanrìn ti gbé e mì. Ẹni tó bá ti ojú ẹ̀ rí irú rẹ̀ lè fẹ́ ra metal detector, ẹ̀rọ tó máa ń dún bó bá ti rí irin lábẹ́ ilẹ̀. Ìyẹn ò burú. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ kan péré, “waterproof”, ló ń mú kí àwọn èèyàn da owó wọn sómi.

Ẹ jẹ́ ká la ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Pé omi ò lè wọnú ẹ̀rọ ò sọ pé ẹ̀rọ náà lè bá iyọ̀ ṣe. Iná mànàmáná máa ń gba inú omi òkun kọjá, torí náà, iyanrìn tó ti mu omi iyọ̀ máa ń jọ irin lójú ẹ̀rọ tó ń lo frequency kan ṣoṣo. Lórí iyanrìn gbígbẹ, á ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ gbé e sún mọ́ ibi tí ìgbì ń dé, ariwo ló kù. Tẹ́ ẹ bá dín agbára rẹ̀ kù kó lè dákẹ́, ó lè fo òrùka wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ wá.

Ẹ wo àpẹẹrẹ méjì. Garrett AT Pro àti Minelab Equinox 800, méjèèjì lè wọ omi tó jìn tó mítà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n frequency kan, 15 kHz, ni AT Pro ń lò, nígbà tí Equinox ń lo ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ló jẹ́ kó lè ya iyọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára irin.

Irú mìíràn ni pulse induction. Iyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú, ó sì máa ń rí ohun tó jìn. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò mọ ìṣó yàtọ̀ sí wúrà dáadáa. Ní etíkun tiwa tí ìdérí ìgò pọ̀ bí èèrùn, ẹ ó walẹ̀ títí ẹ̀yìn á fi dùn yín.

Ní tèmi, tówó ò bá tó, ẹ kúkú ra tòkunbọ̀ tó ń lo ọ̀pọ̀ frequency ju tuntun tí iyọ̀ máa dà láàmú lọ. Ẹ má sì sanwó lórí fọ́tò. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á bá yín dé etíkun. Ẹ so okùn mọ́ òrùka kan, ẹ rì í sínú iyanrìn tútù, kó fi ẹ̀rọ náà wá a níṣojú yín. Tó bá kọ̀, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ó lè bá omi iyọ̀ ṣe. Ẹ̀yin oníbàárà, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.