Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ló ń gba ẹ̀mí là

Gbogbo ará oko tó ń gbé lẹ́bàá títì márosẹ̀ ló mọ bó ṣe máa ń rí. Ọkọ̀ méjì á forí gbárí, tàbí kí tánkà epo dojú dé. Ariwo á sọ. Àwọn tó wà lóko á ju àdá àti ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n á sáré bọ́ sí títì. Kí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tàbí ọlọ́pàá tó dé, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọlọ́kadà wọ̀nyí ló máa ń fa àwọn tó fara pa jáde. Ọ̀kan á di apá mú, èkejì á di ẹsẹ̀ mú, wọ́n á wọ́ ẹni náà gba ojú fèrèsé, wọ́n á gbé e sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù tàbí kí wọ́n fi í sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn.

Àánú ló ń ṣe wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí eegun ọrùn rẹ̀ kàn sán lásán lè di arọ títí ayé nítorí bí wọ́n ṣe fà á jáde. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tí kò sí ẹni tó fi aṣọ tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀, lè kú kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Ìrànlọ́wọ́ tí kò ní ìmọ̀ nínú lè di ìpalára. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé bí áńbúláǹsì bá tiẹ̀ dé, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà ju àwọn àgbẹ̀ ọ̀hún lọ.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àwọn ìjọba ilẹ̀ Yorùbá fojú sí ohun kan tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1997 ní orílẹ̀-èdè Czech, ní àárín gbùngbùn Yúróòpù. Rallye Rejvíz ni wọ́n ń pè é. Ìdíje ni, àmọ́ kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe ti eré sísá. Àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì ló ń bára wọn díje nínú rẹ̀. Àgbègbè Kouty nad Desnou, lágbègbè àwọn òkè Jeseníky, ni wọ́n ti ń ṣe é, níbi tí igbó àti òkè ti pọ̀ ju ilé lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè mìíràn náà a máa rìnrìn àjò lọ síbẹ̀ láti lọ dán ọwọ́ ara wọn wò.

Bí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ṣe ń lọ kò ṣòro láti yé èèyàn. Wọ́n á ṣètò ìṣẹ̀lẹ̀ àtọwọ́dá sí oríṣiríṣi ibi. Níbì kan, ọkọ̀ ti forí sọ igi, awakọ̀ ń ké, ọmọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ kò sì mira. Níbòmíràn, bàbá arúgbó ṣubú lulẹ̀ lójijì, ọkàn rẹ̀ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Àwọn tó ń ṣe bí ẹni tó fara pa kì í ṣe aláìsàn rárá. Wọ́n fi ọ̀dà pupa ṣe ọgbẹ́ sí wọn lára ni, wọ́n sì ti kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa kérora. Níbi tó bá ti gba pé kí wọ́n tẹ àyà tàbí kí wọ́n ki rọ́bà bọ ọ̀nà ọ̀fun, ọmọlangidi tí wọ́n ṣe bí èèyàn gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń lò. Ikọ̀ tó ń díje kò mọ ohun tí yóò bá níwájú. Ìpè ni wọ́n á gbọ́ bí ẹni pé ẹnì kan ló ń ké gbàjarè, wọ́n á sì gbéra. Ní Rejvíz, wọn kì í fi mọ sí ojúmọmọ, wọ́n tún máa ń dán wọn wò lóru, nígbà tí oorun àti òkùnkùn bá pàdé.

Àwọn onídàájọ́ á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú ìwé àti aago lọ́wọ́. Wọn kì í wo ẹni tó yára jù nìkan. Ṣé ikọ̀ náà kọ́kọ́ wò bóyá ibẹ̀ léwu, kí àwọn fúnra wọn má baà kú síbẹ̀? Bí èèyàn mẹ́fà bá fara pa, tí òṣìṣẹ́ sì jẹ́ mẹ́ta, ta ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú? Ẹni tó ń pariwo jù kọ́ ló sábà máa ń sún mọ́ ikú jù. Ẹni tó dákẹ́ ló yẹ kí wọ́n yára yẹ̀ wò. Ṣé wọ́n tẹ àyà náà bó ṣe yẹ, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí àyà àgbàlagbà sì ń wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, ó kéré tán? Ṣé wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá ìyàwó tó ń sunkún sọ̀rọ̀, àbí ṣe ni wọ́n jágbe mọ́ ọn? Nígbà tí wọ́n fa aláìsàn lé dókítà lọ́wọ́, ṣé wọ́n lè sọ ohun tí wọ́n bá lára rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ti ṣe, láì fọ̀rọ̀ gùn?

Àǹfààní ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ṣe àṣìṣe kò pa ẹnikẹ́ni. Ọmọlangidi kì í kú, òṣèré á nu ọ̀dà pupa rẹ̀ nù, á sì lọ sílé. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ náà yóò rántí àṣìṣe yẹn títí ọjọ́ alẹ́. Bí ọkàn èèyàn bá dáwọ́ dúró, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà ni ọpọlọ ti ń bàjẹ́. Kò sáyè fún kí ẹnì kan máa wá irinṣẹ́ kiri, kí ẹnì kejì máa bi í pé kí ni ká ṣe. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Awakọ̀, nọ́ọ̀sì àti ẹni tó ń dá wọn lóhùn lórí fóònù gbọ́dọ̀ mọwọ́ ara wọn kí ọjọ́ burúkú tó dé.

Nílẹ̀ Yorùbá, bí áńbúláǹsì bá ń fọn fèrè kọjá, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló máa ń sọ pé “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.” Wọn kò jẹ̀bi. Òkú ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti rí tí ọkọ̀ náà ń gbé, láti mọ́ṣúárì lọ sílé ìsìnkú, tòun ti ìlù àti ijó. Ọkọ̀ agbókùú ni áńbúláǹsì lójú ará ilé. Ẹni tó wà láàyè kì í fẹ́ kí wọ́n gbé òun sínú rẹ̀.

Ìlú Òyìnbó náà ti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì orílẹ̀-èdè náà gbé jáde ní 1966 fi hàn pé ọwọ́ àwọn tó ń ṣètò ìsìnkú ni bí ìdajì iṣẹ́ áńbúláǹsì ibẹ̀ wà, nítorí pé ọkọ̀ wọn gùn tó láti gba ẹni tó nà gbalaja. Ní 1967, wọ́n dá ẹgbẹ́ áńbúláǹsì kan tí wọ́n ń pè ní Freedom House sílẹ̀ ní ìlú Pittsburgh. Àwọn aláwọ̀ dúdú láti àdúgbò Hill District, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ríṣẹ́ ṣe, ni wọ́n kó jọ, tí dókítà Peter Safar sì kọ́ wọn níṣẹ́ dáadáa. Àwọn ọmọ tálákà wọ̀nyí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi han Amẹ́ríkà pé ìtọ́jú lè bẹ̀rẹ̀ lójú títì, kí aláìsàn tó dé ilé ìwòsàn. Ohun tó yí padà níbẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀. Ọwọ́ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ló yí padà.

Ní Nàìjíríà, òfin kọ́ ni kò sí. Òfin ìlera tí wọ́n ṣe ní 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, fún ìdí yòówù kó jẹ́. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san owó ìtanràn ₦100,000, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó jẹ méjèèjì. Òfin yìí kan náà ló ya ìdá 5 nínú 100 owó ìlera alábọ́ọ́dé sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì, orí rẹ̀ sì ni ètò áńbúláǹsì ìjọba àpapọ̀, NEMSAS, dúró lé. Ní 2017, òfin mìíràn tún pa á láṣẹ pé kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, yálà ó mú ìwé ọlọ́pàá wá tàbí kò mú un wá. Èkó ní áńbúláǹsì tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LASAMBUS. Nọ́ńbà 112 wà fún pàjáwìrì, 122 sì wà fún ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni ọwọ́. Bí ìjọba bá ra áńbúláǹsì tuntun, wọ́n á tò wọ́n síwájú ilé ìjọba, gómìnà á gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n á ya fọ́tò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló béèrè lọ́jọ́ náà bóyá awakọ̀ rẹ̀ lè tẹ àyà ẹni tó dákú? Ta ló ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ wò bóyá afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wà nínú àgbá? Ọkọ̀ tí kò ní ọ́síjìn, tí kò ní ẹni tó mọṣẹ́, takisí tó ń fọn fèrè ni.

Nítorí náà, ó yẹ kí Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì para pọ̀, kí wọ́n dá ìdíje àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì sílẹ̀, kó máa wáyé lọ́dọọdún. Àjọ DAWN tó wà n'Íbàdàn, tó ń so àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, lè gbé e léjìká. Àwọn Yorùbá tó wà ní Kwara àti Kogi kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Kí wọ́n ké sí àwọn dókítà UCH Ìbàdàn àti ti ilé ìwòsàn ńlá Ilé-Ifẹ̀ láti ṣe onídàájọ́. Kí wọ́n má sì ṣe é ní pápá ìṣeré níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ojú ọ̀nà oko ni kí wọ́n ti ṣe é.

Ìṣòro ilẹ̀ Yorùbá gan-an ni kí wọ́n fi dán wọn wò. Kí wọ́n ṣe ti tánkà tó dojú dé, tí àwọn èèyàn ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì bọ̀ wá bu epo. Kí wọ́n ṣe ti abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lábúlé tí ọkọ̀ kò lè dé, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dá lára rẹ̀. Kí wọ́n ṣe ti adẹ́mu tó já láti orí ọ̀pẹ, ti àgbẹ̀ tí ejò bù ṣán, àti ti ọkọ̀ ojú omi tó dojú dé ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Kí àyè sì wà nínú rẹ̀ fún ẹgbẹ́ awakọ̀, ọlọ́kadà àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, nítorí àwọn ló ń kọ́kọ́ débẹ̀. Ní Adamawa àti Gombe, wọ́n ti kọ́ àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ NURTW láti máa gbé aláboyún tó wà nínú ewu lọ sílé ìwòsàn. Ohun tí awakọ̀ Òkè Ọya lè ṣe, ti ilẹ̀ Yorùbá náà lè ṣe é.

Àwọn kan á ní owó dà. Ọmọlangidi, ọ̀dà pupa àti epo ọkọ̀ kò gba owó tó ń lọ sórí ayẹyẹ ìjọba kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn á ní ọkọ̀ kò tíì tó, kí ni ti ìdíje. Ìdíje gan-an ni yóò tú àṣírí ohun tí kò tó, ní gbangba, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè sẹ́ ẹ. Ewu kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé kó má di òde àríyá. Bó bá ti di ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́jọdá, àga ìyà-ọlá àti ọ̀rọ̀ ìkíni wákàtí mẹ́ta, ó ti bàjẹ́. Ikọ̀ tó bá gbẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ gba ìwé tó ṣàlàyé ibi tó kù sí, kí àwọn ọ̀gá wọn sì rí i pé wọ́n tún un kọ́.

Kí ìdíje náà tó dé, ohun díẹ̀ wà tí ará oko lè mọ̀ lónìí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń dà, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, kí wọ́n má ṣe máa ṣí i wò. Kí wọ́n má da omi sí ẹni tó dákú lẹ́nu. Àyàfi tí iná tàbí ewu mìíràn bá wà níbẹ̀, kí wọ́n má sáré fa ẹni tó há sínú ọkọ̀, kí ẹnì kan di orí àti ọrùn rẹ̀ mú kó má mì. Ẹni tí ejò bù ṣán, kí wọ́n má fi abẹ yún un. Kí apá tàbí ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Àwọn àgbàlagbà kò tíì gbàgbé Maja-maja, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1977, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà nídìí rẹ̀. Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Nígbà tó di 1988, ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, Ṣóyínká náà ni wọ́n sì fi ṣe alága àkọ́kọ́. Ilẹ̀ Yorùbá ló kọ́kọ́ ṣe é kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e. Ó tún lè rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Jàǹbá títì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ń bọ̀, ó sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Kí àwọn gómìnà kọ́ ọwọ́ tí yóò gbà á, kí áńbúláǹsì má ṣe jẹ́ ọkọ̀ agbókùú mọ́.